Bọ̀dá Géèmù Dáhùn: Géèmù Wo La Lè Fi Ya Àgbà Lẹ́nu?

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, àmọ́ mo kó mẹ́rin jọ nínú wọn nítorí pé ibì kan náà ni wọ́n forí lé. Ẹni tó gbá géèmù láyé àtijọ́, tó sì fi í sílẹ̀ látìgbà náà, kí la lè gbé síwájú rẹ̀ lónìí tí yóò fi kígbe "Háà"? Ọ̀rọ̀ yìí jẹ mí lógún gan-an. Láti ìgbà tí mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù géèmù ní Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn ni mo ti ń rí bí àwọn àgbà ṣe ń wò wá bí ẹni tó ń ṣeré ọmọdé, bẹ́ẹ̀ ìran tiwọn gan-an ló fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀.

LẸ́TÀ ÀKỌ́KỌ́

Bọ̀dá Géèmù, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá wa yóò pé ẹni ọdún 65 lóṣù tó ń bọ̀. Ìmọ̀ iná mànàmáná ni wọ́n kọ́ ní Leeds, láti 1983 sí 1986. Títí dòní, bí wọ́n bá ti rí èmi àti àbúrò mi nídìí PlayStation, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Ẹ̀yin ò tíì rí géèmù. Elite ni géèmù." Wọ́n ní orí kọ̀ǹpútà BBC Micro nílé ìwé làwọn ti ń gbá a tí ilẹ̀ fi ń mọ́. Àbúrò mi ní ká kàn wá géèmù tó lẹ́wà jù, ká gbé e síwájú wọn. Mo ní PS5, mo sì ní kọ̀ǹpútà tó lágbára díẹ̀. Kí la máa fi hàn wọ́n tí wọ́n á fi gbà pé ayé ti yí?
Àkọ́bí Obìnrin, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN

Àkọ́bí wa, ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Ẹ bá mi kí wọn, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé mo ní òótọ́ ni wọ́n sọ, Elite géèmù ni. Ìmọ̀ràn àbúrò yín ni kẹ́ ẹ má tẹ̀ lé. Géèmù tó lẹ́wà jù kọ́ ló ń ya àgbà lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣojú mi. Ọmọkùnrin méjì ń gbá EA Sports FC ní ṣọ́ọ̀bù mi, Arsenal àti Chelsea, ni bàbá onílé wa bá yà wọlé. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo tẹlifíṣàn. "Ta ló ń borí?" Wọ́n ní Arsenal ni, sà. Bàbá fa àga, wọ́n jókòó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bú rẹfirí. Kò pẹ́ ni fóònù ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà dún, ó dá géèmù dúró, gbogbo agbábọ́ọ̀lù sì dúró gbagidi lórí pápá. Bàbá ní, "Ṣé sátẹ́láìtì yín ló dá ni?" Ẹ rí i pé ẹnu ò yà wọ́n rárá. Àwòrán náà dára débi pé bọ́ọ̀lù gidi ni wọ́n pè é, bọ́ọ̀lù gidi sì rèé, gbogbo ìgbà ni wọ́n ń wò ó. Ìgbà tí mo wá fi páàdì lé wọn lọ́wọ́, tí mo ní kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì tó ní àmì róbótó, tí ọmọ Arsenal kan sì gbá bọ́ọ̀lù náà lọ bá àwọn òǹwòran lẹ́yìn ilé, bàbá wo páàdì, wọ́n wo tẹlifíṣàn, wọ́n tún wo páàdì. "Èmi ni mo gbá ìyẹn?" Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n ń wò.

Àwòrán tó bá jọ fíìmù, fíìmù ni àgbà máa pè é, fíìmù kò sì ṣàjèjì sí ẹni tó ti ń lọ sí sinimá ní Leeds ní 1983. Ohun tí ń ya èèyàn lẹ́nu ni kó rí ohun tó mọ̀ dunjú, kó rí ibi tó ti dé lẹ́yìn rẹ̀, kó sì jẹ́ pé ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló ń darí rẹ̀. Bàbá yín ti fún yín ní ìdáhùn tipẹ́tipẹ́. Wọ́n dárúkọ Elite.

Fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, David Braben àti Ian Bell, akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Cambridge, ló kọ géèmù náà, oṣù Kẹsàn-án 1984 ló sì jáde fún BBC Micro. Mẹ́mórì kọ̀ǹpútà ọ̀hún kò ju kílóbáìtì 32 lọ, àwòrán ojú tẹlifíṣàn sì tún ń jẹ nínú rẹ̀. Fọ́tò kan ṣoṣo tẹ́ ẹ fi WhatsApp ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí lè tóbi jù ú lọ. Síbẹ̀ inú ibẹ̀ ni wọ́n ki ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ 8 sí, ayé 256 sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn ò kọ orúkọ àwọn ayé náà sílẹ̀ o, àyè ò sí. Ìṣirò ni wọ́n kọ, òun ni kọ̀ǹpútà fi ń bí orúkọ ayé kọ̀ọ̀kan, irú ìjọba tó ní, àti iye tí wọ́n ń ta ọjà níbẹ̀, nígbàkígbà tó bá nílò wọn. Ohun kan náà ló sì máa ń bí ní gbogbo ìgbà. Oníṣòwò ni ẹni tó ń gbá a. Owó díẹ̀ lọ́wọ́, ọkọ̀ kan tó ń fò láàárín ìràwọ̀, tó ń jẹ́ Cobra, ó ra oúnjẹ níbí, ó lọ tà á lọ́hùn-ún, olè ń dá a lọ́nà láàárín méjì. Ìlà lásán ni wọ́n fi ya gbogbo ọkọ̀.

Ibi tó ti ń dun àwọn èèyàn ni ìgúnlẹ̀. Ibùdó ọkọ̀ ń yí láìdúró, ihò tóóró kan sì ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ yí ọkọ̀ tiwọn bí ibùdó náà ṣe ń yí, kí wọ́n sì wọlé tààrà. Bí ọkọ̀ bá fara kan ògiri, ó fọ́ nìyẹn, gbogbo ọjà tí wọ́n fi àárọ̀ ṣúlẹ̀ kó ti ṣòfò. Ẹ bi bàbá léèrè. Ẹ kàn dárúkọ Lave sí wọn létí, ibẹ̀ ni géèmù náà ti ń bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì wo ojú wọn.

Elite kò kú. Braben kan náà ló dá ilé iṣẹ́ Frontier sílẹ̀ ní Cambridge, àwọn ló sì gbé Elite Dangerous jáde ní oṣù Kejìlá 2014. Ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tí ayé tiwa yìí wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ṣe sínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe tóbi tó, ìràwọ̀ nǹkan bíi bílíọ̀nù 400, oòrùn wa wà lára wọn. Lave wà níbẹ̀. Ibùdó náà wà níbẹ̀, ó ṣì ń yí. Ihò tóóró náà ò tíì fẹ̀.

Ti kọ̀ǹpútà ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe ti PlayStation, nítorí láti 2022 ni wọn ò ti fi ohun tuntun kún ti PlayStation mọ́. Kọ̀ǹpútà yín gbọ́dọ̀ ní káàdì àwòrán tirẹ̀, kí íntánẹ́ẹ̀tì sì dúró dáadáa, torí géèmù yẹn kì í ṣí láìsí i. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ́ ọ, kẹ́ ẹ wa ọkọ̀ náà dé Lave. Ọ̀nà rẹ̀ jìn sí ibi tí wọ́n ń já àlejò sí, ẹ má fi di alẹ́ ọjọ́ ìbí. Tó bá di ọjọ́ náà, ẹ gbé ọkọ̀ dúró síwájú ibùdó, kó má ju kìlómítà 7 lọ sí i, kẹ́ ẹ tó pe bàbá. Ẹ má là á yé wọn. Ẹ kàn fún wọn ní àga. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ bá wọn tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ibùdó, kẹ́ ẹ bá wọn na ẹsẹ̀ ọkọ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa ṣọ́ eré tó ń sá. Kí ọwọ́ bàbá wà lórí ohun tí wọ́n fi ń yí ọkọ̀ nìkan.

Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ba ohun dáadáa jẹ́. Ayé àwọn bàbá wa, ọ̀pá kan àti bọ́tìnnì kan ni. Páàdì tòní ní ọ̀pá méjì tí àtàǹpàkò méjèèjì gbọ́dọ̀ máa darí lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan ń rìn, èkejì ń wò, bọ́tìnnì sì kún ibi tó kù. A ó gbé géèmù tó dára síwájú àgbà, wọn ó lọ fẹnu sọ ògiri, ojú á tì wọ́n níwájú àwọn ọmọ, wọ́n á ní àwọn ń lọ gbọ́ ìròyìn. Kò sẹ́ni tó máa rí wọn mú padà sídìí rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Ohun kan ṣì kù. Bí ọkọ̀ bá ti sún mọ́ ibùdó nínú Elite Dangerous, ó máa ń fúnra rẹ̀ bá a yí. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń pa ìyẹn nínú ètò ọkọ̀, kẹ́ ẹ pa á. Bàbá yín ti fọwọ́ ara wọn yí i rí láyé BBC Micro, ẹ má gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ wọn.

Bí dátà bá ṣẹ́ kù, ẹ fi Microsoft Flight Simulator ti 2020 ṣe àfikún. Asobo, ilé iṣẹ́ kan ní Bordeaux nílẹ̀ Faransé, ló ṣe é. Àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n yà láti òkè fún máàpù Bing ni wọ́n fi tẹ́ gbogbo ayé sínú rẹ̀, ó ju pétábáìtì 2 lọ, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ilẹ̀ náà ti ń wá bẹ́ ẹ bá ṣe ń fò. Dátà á lọ bí omi, mo tètè sọ fún yín. Ẹ má gbé wọn lọ sí New York o. Ẹ gbéra ní pápákọ̀ òfurufú Leeds Bradford, kí bàbá fojú ara wọn wá àdúgbò tí wọ́n gbé nígbà tí wọ́n jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ bọ́ sókè Abẹ́òkúta. Odò Ògùn á hàn, àwọn páànù tó ti dípẹtà á hàn. Àmọ́ ẹ má ṣèlérí Olúmọ fún wọn. Ibi tí wọn ò bá ti ní àwòrán tó péye, kọ̀ǹpútà kàn ń fojú díwọ̀n bí ilé àti igi ṣe ga tó ni, ó sì lè tẹ́ àpáta mọ́lẹ̀ pẹrẹsẹ.

LẸ́TÀ KEJÌ

Bọ̀dá, ẹ bá wa dá ẹjọ́ kan. Nínú yàrá wa ní Awolowo Hall, a bi ara wa pé bí èèyàn bá lè padà sí 1985 pẹ̀lú géèmù kan ṣoṣo, láti fi han àwọn tó ń gbá géèmù nígbà yẹn, èwo ni kó gbé? Ẹnì kan ní Flight Simulator, ẹnì kan ní GTA V, èmi ní God of War. Ìjà ti fẹ́ bẹ́ sílẹ̀.
Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀

ÌDÁHÙN

Ìwọ Akẹ́kọ̀ọ́, ẹjọ́ yìí dùn mọ́ mi ju bó o ṣe rò lọ. Ohun kan ni gbogbo yín gbàgbé: ẹ ò bi ara yín pé kí ló wà ní 1985 àti pé kí ni kò sí.

Íntánẹ́ẹ̀tì tá a mọ̀ yìí kò sí. Nítorí náà Flight Simulator, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn tán lókè yìí, ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, torí ẹwà rẹ̀ ò ní bá a débẹ̀. God of War tìrẹ, ẹnu okùn HDMI ló wà lẹ́yìn PS5, tẹlifíṣàn 1985 kò ní ojú irú rẹ̀. Ká tiẹ̀ ní o gbé tẹlifíṣàn tìrẹ dání, wọ́n á jókòó wò ó bíi fíìmù ni, ó sì lè pẹ́ kí wọ́n tó rí i pé ọ̀pá tó wà lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ ló ń yí ojú kámẹ́rà. GTA V sún mọ́ ọn jù wọ́n lọ. Ìlú tí èèyàn ń kọjá lọ́nà tiwọn, tí ọkọ̀ ń fun fèrè, tí kò sì sẹ́ni tó fi páàdì darí wọn, ìyẹn á mi ẹni tí kò rí ju Pac-Man lọ. Ṣùgbọ́n ìbọn ni wọ́n á kọ́kọ́ rí, ìbọn ni wọ́n á sì rántí. Mi ò fẹ́ kí ìbọn jẹ́ ìròyìn tá a mú lọ bá wọn.

Èmi á gbé Nintendo Switch, ẹ̀rọ géèmù tí èèyàn lè fọwọ́ mú dání. Ojú rẹ̀ wà lára rẹ̀, bátìrì wà nínú rẹ̀, ṣájà rẹ̀ sì ń gba iná láti fólítì 100 dé 240, yálà Japan lo balẹ̀ sí tàbí Nàìjíríà. Inú káàdì pẹlẹbẹ kékeré kan ni géèmù wà; tó o bá ti ki í bọ̀ ọ́, kò bi ọ́ léèrè íntánẹ́ẹ̀tì. Géèmù tó máa wà nínú káàdì náà ni Super Mario Odyssey, tó jáde ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá 2017.

Wo ìdí rẹ̀. Ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án 1985 ni Super Mario Bros. jáde ní Japan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ mọ̀ ọ́n láti ara àwọn ẹ̀rọ àdàkọ tí wọ́n ń tà káàkiri láwọn ọdún 1990. Gbogbo géèmù náà pátá, kílóbáìtì 40. Àyè há débi pé ìkùukùu òkè àti igbó ilẹ̀, àwòrán kan náà ni. Wọ́n kun èyí ní funfun, wọ́n kun ìyẹn ní àwọ̀ ewé. Lọ wò ó bó o bá ń jiyàn. Mario kò sì lè padà sẹ́yìn. Bí ojú géèmù bá ti sún síwájú, ibi tó ti kọjá ti lọ nìyẹn.

Wá mú ọmọ Japan kan tó ti gbá a ní 1985 títí tó fi mọ gbogbo kọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Gbé Odyssey lé e lọ́wọ́, kó bá Mario ní New Donk City, níbi tí ilé gogoro yí i ká. Ohun tó máa kọ́kọ́ ṣe ni pé kó mú Mario rìn padà sẹ́yìn. Á yí i po òpó iná, á bẹ́ gun orí tákísì, á gbójú sókè, á wolẹ̀. Fífò ò ṣàjèjì sí i, ohun tó fi ọdún yẹn ṣe nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló máa rí páìpù aláwọ̀ ewé kan tó lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Ó mọ irú páìpù bẹ́ẹ̀, ó mọ̀ pé wọ́n máa ń wọnú rẹ̀ ni, á sì wọ̀ ọ́. Lójú ẹsẹ̀ Mario di pẹlẹbẹ mọ́ ògiri. Ó di Mario ti 1985 gan-an, èyí tí wọ́n fi onígun mẹ́rin kéékèèké tò pọ̀, ó ń sáré láti òsì sí ọ̀tún lára bíríkì, orin ìlú náà sì ti di ohùn tín-ín-rín ti ẹ̀rọ ayé ọjọ́un. Ó dé òpin ògiri, ó wọ páìpù kejì, ó tún bọ́ sínú ayé gbalasa pẹ̀lú ara tó lè yí síbi gbogbo.

Mi ò mọ ohun mìíràn tí wọ́n ṣe nínú géèmù tó fi ọ̀nà tá a ti rìn han èèyàn báyìí, láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹni 1985 máa rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ó tún kù: obìnrin tó jẹ́ olórí ìlú yẹn, Pauline lorúkọ rẹ̀. Òun ni obìnrin tí ìnàkí gbé sá lọ sókè ilé nínú Donkey Kong ní 1981, tí Mario ń fo àgbá kọjá láti lọ gbà á. Tí wọ́n bá ń ṣe àjọ̀dún ní New Donk City, Pauline á máa kọrin, Mario á sì máa gun òkè Donkey Kong yẹn lára ilé gogoro, àgbá á máa yí wá bá a bó ṣe ń yí wá ní 1981. Obìnrin tó ń ké fún ìrànlọ́wọ́ ti di alákòóso ìlú. Èmi gbàgbọ́ pé ìyẹn nìkan á mú kí ẹlòmíì dìde lórí àga.

Ní ti bí wọ́n ṣe tóbi tó, Odyssey ju gígábáìtì 5 lọ, ó fi ju ìlọ́po 100,000 tóbi ju Super Mario Bros. lọ. Àmọ́ nọ́ńbà yẹn ò lè wọ ọmọ 1985 lára. Ògiri yẹn ló máa wọ̀ ọ́ lára.

Ẹlòmíì á bi mí pé kí ló dé tí mi ò mú Zelda, ìyẹn Breath of the Wild. Ìbéèrè gidi ni. Bó bá jẹ́ òpin 1986 lẹ pè, mo lè yí ọkàn padà. Zelda àkọ́kọ́ jáde ní Japan ní oṣù Kejì ọdún yẹn, àbẹ́là kan sì wà nínú rẹ̀ tó o lè fi sun igbó kan, bóyá àtẹ̀gùn á yọ lábẹ́ rẹ̀. Igbó kan ló ń jó, ó parí. Nínú èyí tó jáde ní 2017, ju iná sínú koríko: koríko á ràn mọ́ koríko, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ, ápù tó wà nítòsí á yan, ooru iná náà á sì gbé ìwọ fúnra rẹ sókè bó o bá na aṣọ tó o fi ń fò. Bí òjò bá dé, iná kú. Bí mànàmáná bá ń kọ, tó o sì gbé idà onírin kọ́ ẹ̀yìn, orí rẹ ni àrá máa sán sí. Ohun tó jẹ́ kí n fi sílẹ̀ ni pé ó ń fẹ́ sùúrù ọ̀pọ̀ wákàtí, odindi àdúgbò sì máa tò sẹ́yìn ẹni àkọ́kọ́ tó o bá fún.

Nínú mẹ́ta tẹ́ ẹ dárúkọ ní yàrá yín, GTA V ló ṣe ipò kejì sí Odyssey. Ẹ fọwọ́ wọ́nú.

LẸ́TÀ KẸTA

Bọ̀dá Géèmù, Space Invaders ni mo gbá ní ṣọ́ọ̀bù oníṣípìsì kan ní Peckham ní 1980. Ọmọ mi ra PS5, ó ní kí n wá rí ìyanu. Ẹ̀rọ náà ní ká dúró kí géèmù wọlé, ká tún dúró kó gba àtúnṣe. A dúró títí oúnjẹ alẹ́ fi jinná, mo sì lọ sùn. Láyé tiwa, owó lo máa sọ sínú ihò, géèmù á bẹ̀rẹ̀. Èwo ni ìyanu níbẹ̀?
Alàgbà Peckham

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ìfaradà, sà. Ẹ̀sùn yín tọ́, mi ò sì ní gbèjà ẹ̀rọ náà. Ẹni tó bá fẹ́ fi géèmù han àgbà gbọ́dọ̀ ti ki gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ tán láti àná.

Space Invaders yín náà tọ́ sí ọ̀wọ̀. Tomohiro Nishikado ló ṣe é fún Taito ní 1978. Ẹ rántí pé bẹ́ ẹ bá ṣe ń pa àwọn ọ̀tá yẹn tó ni àwọn tó ṣẹ́ kù ń yára tó, àyà á sì máa já. Ẹ̀rọ náà ni kò lágbára tó láti sún gbogbo wọn kíákíá. Bí wọ́n bá ti dín kù ni ara rẹ̀ ń fúyẹ́, tí wọ́n sì ń sáré. Nishikado rí i pé ó dùn bẹ́ẹ̀, ó fi í sílẹ̀.

Ẹ ní kí ọmọ yín ṣí Astro's Playroom, géèmù róbọ́ọ̀tì kékeré kan. Ó ti wà nínú gbogbo PS5 láti ilé iṣẹ́, kò sí pé à ń dúró kó wọlé. Kẹ́ ẹ má ka ojú tẹlifíṣàn sí púpọ̀, ọwọ́ yín ni kẹ́ ẹ fiyè sí. Nígbà tí róbọ́ọ̀tì kékeré náà bá ń rìn lórí irin, ẹ ó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú àtẹ́lẹwọ́ yín. Tó bá bọ́ sórí iyanrìn, yóò yàtọ̀. Tí òjò bá ń rọ̀, ẹ ó mọ ìró rẹ̀ lọ́wọ́, tó-tó-tó. Níbi tí ó ti wọ ẹ̀wù onísípíríìnì, bọ́tìnnì tí ìka ìfábẹ̀lá yín ń tẹ̀ á le, á máa ta kò yín bíi sípíríìnì gidi. Kò sí ẹ̀rọ kankan ní Peckham ní 1980 tó lè ṣe ìyẹn.

LẸ́TÀ KẸRIN

Bọ̀dá, ìyá mi jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Wọn ò gbá géèmù kankan rí ju Brick Game kékeré yẹn lọ, tí wọ́n fi ń lé oorun lọ lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ láwọn ọdún 1990. Wọ́n ṣì ń rántí máàkì tó pọ̀ jù tí wọ́n gbà. Ṣé nǹkan kan wà tí mo lè fi hàn wọ́n tí kò ní dà wọ́n lórí rú?
Ìyá Ìbejì, Ìlọrin

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, tiyín ló rọrùn jù. Tetris ni géèmù inú Brick Game. Alexey Pajitnov ló ṣe é ní Moscow ní 1984, lórí kọ̀ǹpútà tí kò lè ya àwòrán, àmì orí kíbọ́ọ̀dù ló fi to àwọn búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Game Boy, ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́mú ti Nintendo, gbé e ká ayé ní 1989, àwọn aládàákọ sì sọ ọ́ di ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tó dé ọwọ́ màmá.

Ẹ ra Tetris Effect: Connected. Ó wà fún PlayStation, Xbox, Switch àti kọ̀ǹpútà. Bọ́tìnnì tí màmá mọ̀ náà ni: òsì, ọ̀tún, yí i, jù ú sílẹ̀. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yí búlọ́ọ̀kù, ohùn kan á jáde tó bá orin mu, tí ìlà bá sì pé, ìmọ́lẹ̀ á tú jáde lẹ́yìn rẹ̀. Ìsàlẹ̀ òkun ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá yára, orin á yára pẹ̀lú wọn. Kò sí ohun kankan tí wọ́n máa kọ́ tuntun.

Bí àwọn ìbejì bá ní Tetris ti di ohun àtijọ́, ẹ sọ fún wọn pé ní oṣù Kejìlá 2023, ọmọ ọdún 13 kan ní Oklahoma l'Amẹ́ríkà gbá Tetris tí Nintendo ṣe ní 1989 títí géèmù náà fi gan mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí géèmù náà ti wà, kò sí ẹ̀dá èèyàn tó gbá a débẹ̀ rí.

Ẹ fún màmá ní hẹ́dífóònù tó dára, torí ìdajì adùn géèmù náà etí ló ń gbà wọlé. Ẹ yan èyí tó rọrùn jù fún wọn. Máàkì tí wọ́n bá sì gbà lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ síbi tí ojú wọn lè tó o.